Ẹ̀yin Súpáfáísọ̀, Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Wọ Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Yín Lọ́kàn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítírì ní Agbára, ní Ọ̀tà, ní Ìkẹjà tàbí ní Olúyọ̀lé n'Íbàdàn ni kò bá ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ó lè mọ mọ́tò rẹ̀ bó bá ń wọ géètì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Súpáfáísọ̀ ló mọ̀: ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún un láàárọ̀, tó ń fọwọ́ sí ìwé ófátáìmù rẹ̀, tó sì lè bú u lójú gbogbo ayé kí aago mẹ́wàá tó lù. Bí ẹ bá bi irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé báwo ni iléeṣẹ́ wọn ṣe rí, ìwà súpáfáísọ̀ rẹ̀ ni yóò máa rò fún yín.

Robert Eisenberger, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 1986 pé bí ẹní wo ènìyàn ni òṣìṣẹ́ máa ń wo iléeṣẹ́. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé wọ́n kà mí sí, ṣé ó kàn wọ́n bí ara mi ò bá yá. Lọ́dún 2002 wọ́n tún fi hàn pé lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ ni òṣìṣẹ́ ti máa ń rí ìdáhùn ìbéèrè yẹn, àti pé ẹni tí ìdáhùn náà bá tẹ́ lọ́rùn kì í tètè fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí mo kọ èyí fún gan-an ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe súpáfáísọ̀, pàápàá ẹni tó ti ìdí ẹ̀rọ bọ́ sípò náà láìsí ẹni tó kọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn iṣẹ́ lọ.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó so wọ́n mọ́ ibẹ̀

John Meyer àti Natalie Allen, olùkọ́ yunifásítì ní Kánádà, pín ohun tó ń so òṣìṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ sí mẹ́ta lọ́dún 1991. Àkọ́kọ́, ó fẹ́ràn ibẹ̀, ó ti gbà á bíi tirẹ̀. Èkejì, bó bá lọ, ohun tí yóò pàdánù pọ̀, kò sì mọ ibi tí yóò forí lé. Ẹ̀kẹta, ojú ń tì í láti lọ. Bóyá iléeṣẹ́ ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́, bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló mú un wọlé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú ènìyàn dúró. Ti àkọ́kọ́ ló máa ń mú un ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí títètè tí wọ́n ń tètè dé ẹnu iṣẹ́ tàn yín. Pẹ̀lú bí iṣẹ́ ṣe wọ́n lóde báyìí, ẹni tó kórìíra yín dénú eegun yóò ṣì dé ní aago méje géérégé. Ó lọ́mọ nílé ìwé.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò yàtọ̀ síyẹn. Bí ẹ̀rọ bá ń dún lọ́nà tí kì í gbà dún, tó sì ku ogún ìṣẹ́jú kí ṣíìfù parí, ta ló máa pe ẹnjiníà, ta ló máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kí ó lè di wàhálà àwọn tó ń bọ̀ lóru? Bí wọ́n bá mú ọmọ tuntun wá, ṣé ẹnì kan á fi ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn hàn án, àbí wọ́n á dákẹ́ kí irin gbígbóná fúnra rẹ̀ kọ́ ọ? Bí ọjà bá bọ́ sílẹ̀, ṣé wọ́n ń ṣà á àbí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kọjá? Ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ẹ ó tún ṣí ìwé náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

2. Ẹ tún ẹnu ṣe

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, kò sì ná iléeṣẹ́ ní kọ́bọ̀.

Ariwo ẹ̀rọ ń mú kí gbogbo wa gbóhùn sókè, ìyẹn ò burú. Èébú ni mò ń wí. "Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́." "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?" "Àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí kún géètì." Lójú tèmi, èyí tó kẹ́yìn yẹn ló burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èébú kan nínú rẹ̀. Ẹ ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè dúró síbi tó dúró sí. Bó bá gbà yín gbọ́, ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ni yóò máa ṣe, kò ní fi ẹyọ kan lé e.

Bennett Tepper, olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2000. Kì í ṣe pípariwo nìkan ló kà mọ́ ọn. Ó ka fífi òṣìṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, rírán an létí àṣìṣe tó ti pẹ́, àìfi ògo iṣẹ́ tó ṣe fún un, àti dídákẹ́ mọ́ ọn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ irú ọ̀gá yìí ní ìfẹ́ tó kéré sí iléeṣẹ́, wàhálà náà sì ń bá wọn délé, ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín iṣẹ́ àti ẹbí wọn. Ẹ kíyè sí dídákẹ́ mọ́ èèyàn yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa rò pé a ti ṣe sùúrù bí a kò bá bú ẹni tó ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bí a kò bá dáhùn ìkíni rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, a ti jẹ ẹ́ níyà ju ti èébú lọ.

Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, tó sì léwu, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Lẹ́yìn náà ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ọ́fíìsì ní gbogbo ìgbà o, torí gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí wọ́n ń pe èèyàn sí ọ́fíìsì fún. Ẹ fi ọjà náà hàn án, kí ẹ sì béèrè nípa ọjà náà: "Kí ló fà á tí ìdérí yìí kò fi wọlé dáadáa?" Ẹ má tíì béèrè nípa òun fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìròyìn iṣẹ́: pé rọ́bà tó ń di ìdérí mú ti jẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé wọ́n ti sọ, kò sẹ́ni tó wá wò ó. Bó bá sì jẹ́ pé àìfiyèsí ni, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́, torí pé ẹ ò tíì fi ẹ̀gàn sé e lẹ́nu.

Bí ọjà bá bàjẹ́, ẹ má ṣe tètè halẹ̀ pé ẹ ó yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, Labour Act, kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ bu owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí kò bìkítà, ó ṣì di dandan kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu. Ọ̀pọ̀ súpáfáísọ̀ ni kò mọ èyí, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn sì ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àgbà wá ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba HND n'Ílaròó ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí ọkùnrin tó ti wà nídìí ẹ̀rọ yẹn kí wọ́n tó bí i. Ìwé iléeṣẹ́ kò sọ bí yóò ṣe máa pè é. Ọmọ náà á wá máa pe àgbàlagbà lórúkọ, á máa sọ "wá" àti "lọ" sí i, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá bọ̀wọ̀ fún wọn, wọn ò ní gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Ìbọ̀wọ̀ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni. "Bàbá Wàsíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ooru ẹ̀rọ kejì kù kí a tó kó páálí tó kàn jáde." Àṣẹ ni. Bàbá náà á ní "Ó dáa, ọ̀gá," á sì ṣe é, kò sẹ́ni tó fi ojú ẹnì kejì gbolẹ̀. Ìyá Rísí tó ń di ọjà, ẹ pè é ní Ìyá Rísí. Ẹ kí wọn "ẹ kú iṣẹ́ o" kí ẹ tó béèrè tágẹ́ẹ̀tì. N kò ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń yí o, ibẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀.

Bí àgbà kan bá kọ̀ tí kò fẹ́ gba àṣẹ, àgbà mìíràn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ tí kò ní ẹnì kan tí gbogbo wọn ń gbọ́ tirẹ̀, yálà ó ní ipò tàbí kò ní. Bí ìyẹn ò bá tán an, ẹ wá kọ kúèrì, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín fún un, pẹ̀lú àlàyé. Kúèrì tí ẹ fi rán síkíọ́rítì sí èèyàn ti di ìtìjú, kì í ṣe ìbéèrè mọ́.

Ìyìn nìkan ni kẹ́ ẹ máa ṣe lójú gbogbo èèyàn. Ẹ dárúkọ ẹni náà àti ohun tó ṣe gan-an, kí ẹ sì tún dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú máníjà.

3. Ẹ pín ófátáìmù àti ọjọ́ ìsinmi ní gbangba

Owó oṣù wà lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè. Ọwọ́ yín ni ófátáìmù wà, àti ṣíìfù òru, àti ta ló máa dúró ti ẹ̀rọ tó gbóná, ta ló máa wà níbi tí fáànù ń fẹ́ sí. Fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀, Sátidé méjì tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lè jẹ́ owó ọkọ̀ oṣù yẹn. Wọ́n mọ iye ìgbà tí ẹ pe Káṣìmù àti iye ìgbà tí ẹ pe Súnday, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ò kà á.

Ẹ kọ gbogbo orúkọ ní títò-tẹ̀lé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo wọn ń gbà kọjá lọ sí káńtíìnì. Ibi tí a bá dé lọ́sẹ̀ yìí la ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè wá, ẹ fàmì sí i, kí ó kọjá sórí ẹni tó kàn. Àwọn méjì tó bá fẹ́ pààrọ̀, kí àwọn méjèèjì wá sọ ọ́ pọ̀. Bí iṣẹ́ kan bá wà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fáyé gbọ́, kí ẹ sì fi ẹlòmíì sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó kọ́ ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojúsàájú ni wọ́n máa pè é, wọn ò sì ní jẹ̀bi.

Súpáfáísọ̀ tó ń gba owó tàbí káàdì fóònù kí ó tó kọ orúkọ èèyàn mọ́ ófátáìmù, kí ó má tan ara rẹ̀ pé àṣírí ni. Obìnrin tí wọ́n sì ní kó wá rí ọ̀gá lẹ́yìn iṣẹ́ kí ó tó lè rí ṣíìfù àárọ̀, ọ̀ràn nìyẹn, kò sí ìtọ́sọ́nà kankan fún un níbí ju pé kí wọ́n lé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kásúà ńkọ́? Ẹ̀yin kọ́ ni yóò sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Labour Act ti ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ìbọ̀wọ́ tí ẹ fún wọn má jẹ́ èyí tó ti ya, kí fífọ gọ́tà má jẹ́ tiwọn lójoojúmọ́, kí ẹ sì mọ orúkọ wọn. Ẹ má ṣe ṣèlérí pé "lóṣù tó ń bọ̀ wọ́n á sọ yín di staff" bí ẹ kò bá ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ìlérí bẹ́ẹ̀ ń fún yín ní iṣẹ́ oṣù kan, ó sì ń ba ti ọdún mẹ́ta jẹ́.

4. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ wọn gòkè, kí ẹ sì mú èsì sọ̀ kalẹ̀

Ní fákítírì Hawthorne tí Western Electric ní ní Cicero, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí bá òṣìṣẹ́ tó ju 20,000 lọ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún 1928 sí 1930. Ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n pa ìwé náà tì, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń béèrè kọ́ ló ń dun àwọn èèyàn.

Ẹ̀yin ò nílò olùwádìí. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ gbọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ lójú wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èsì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó gba ẹjọ́ tuntun. "Kò ṣeé ṣe, ìdí rẹ̀ rèé" èsì ni. "A ti gbọ́" kì í ṣe èsì. Ẹ fi nǹkan kékeré tí agbára yín ká bẹ̀rẹ̀: omi mímu, ọṣẹ nílé ìtọ̀, fáànù tó ti dákẹ́. Ẹni tó rí i pé fáànù padà ṣiṣẹ́ á ní ìgboyà láti sọ èyí tó wúwo.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tí máníjà wọn jẹ́ ará Íńdíà, Ṣáínà tàbí Lẹ́bánọ́ọ̀nù, nítorí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lágbègbè wa. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń bá máníjà àti òṣìṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀. Bí inú bá bí máníjà, iṣẹ́ tó rán yín ni kí ẹ jẹ́, ẹ fi èébú sílẹ̀ níbi tí ẹ ti gbọ́ ọ. Bí òṣìṣẹ́ bá sì sọ pé ooru ń pa àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ má lọ sọ lókè pé "they are complaining". Ẹ sọ ibi tó gbóná, ìgbà tó ń gbóná, àti ẹni tí òòyì ti kọ́.

5. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe wọ́n

Òṣìṣẹ́ lè gbàgbé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí nǹkan lọ déédéé. Kò ní gbàgbé ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tó wá sọ fún yín pé bàbá òun ti kú.

Ẹ mọ ohun tí òfin fún wọn, kí ó má dà bí ẹni pé àánú yín ni. Labour Act fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún fún àìsàn, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ìyá ọlọ́mọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá pa ènìyàn lára, Employee's Compensation Act ti ọdún 2010, òfin tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, ní kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó fara pa, létí láàárín ọjọ́ méje. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó rí i. Ẹ tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn, tàbí kí ẹ rán ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ bá béèrè, bóyá "ọwọ́ ẹ ńkọ́?" ni àbí "ta ló máa dúró ti ẹ̀rọ?", wọn yóò sọ ọ́ káàkiri káńtíìnì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti ilẹ̀kùn kò gba àwíjàre. Lọ́dún 2002 iná jó fákítírì kan lóru ní Odogunyan, n'Íkòròdú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú síbẹ̀. Factories Act, òfin fákítírì ilẹ̀ Nàìjíríà, kò gbà kí ilẹ̀kùn wà ní títì, débi tí kò ní ṣeé ṣí kíákíá láti inú, nígbà tí èèyàn bá wà nínú iléeṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn lóru torí olè, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ kíkọ̀ náà sínú ìwé.

Òkú, ìkómọ, ìgbéyàwó: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ lè lọ, kò sì sí ẹni tó retí bẹ́ẹ̀. Ẹ pe fóònù. Bó bá jẹ́ ìkómọ, tọ́jọ́ kẹjọ sì bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, ẹ wá ẹni tí yóò dúró fún un di ọ̀sán.

6. Ẹ má ṣe ara yín ní ẹni rere kí iléeṣẹ́ lè jẹ́ ẹni ibi

Ibí ni àwọn súpáfáísọ̀ tó mọ èèyàn tọ́jú máa ń gbà ṣìnà. Wọ́n á ní, "Èmi ni mò ń jà fún yín o, àwọn tó wà lókè ni kò fẹ́." Ó dùn ún gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á fẹ́ràn súpáfáísọ̀ náà, wọ́n á máa kórìíra iléeṣẹ́ sí i. Bó bá wá ríṣẹ́ sí Ṣàgámù, ìdajì wọn á bá a lọ, ìdajì tó kù á jókòó máa fi ẹni tuntun wé e.

Bí nǹkan rere bá wá láti òkè, ẹ sọ pé òkè ló ti wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ béèrè, tí máníjà gbà, ẹ sọ méjèèjì. Bí owó bá pẹ́, ẹ sọ ohun tí wọ́n sọ fún yín àti ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí wọn ò bá dá ọjọ́, ẹ ní wọn ò dá ọjọ́. Ìpinnu tí ẹ kò fara mọ́, ẹ lọ jà á nínú ọ́fíìsì máníjà. Bí iléeṣẹ́ bá sì ń hùwà ìkà ní tòótọ́, tí ẹ ti sọ ọ́ tí kò yí padà, ẹ má fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀ fún wọn. Ìwà súpáfáísọ̀ kò lè rọ́pò owó oṣù tí kò wọlé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

7. Ẹ tún padà wò ó

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí ìwé kékeré yẹn, kí ẹ wo àwọn nǹkan kan náà: ìró ẹ̀rọ, ọmọ tuntun, ọjà tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi iye ọjà tó bàjẹ́ àti iye ẹni tí kò wá ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé owó oṣù kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni iléeṣẹ́ náà, iṣẹ́ tiyín kò pọ̀. Ẹ ka iye ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ súpáfáísọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe lápapọ̀ iléeṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ń lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí súpáfáísọ̀ rẹ̀ ló máa béèrè ìdí. Ẹ san gbogbo owó rẹ̀ fún un tán, ẹ wá jẹ́ kí ẹlòmíì pè é lórí fóònù lẹ́yìn oṣù kan.